Ìlà Bíríkì Mẹ́rin Lábẹ́ Fèrèsé Thirza

Ní Thornzoy, abúlé wa láàrin pápá olómi, ilẹ̀ kì í gbẹ tán. Nígbà ẹ̀rùn pàápàá, bí o bá gbẹ́ ihò tó jìn tó apá kan, tí o sì wọlé lọ mu ife tíì, kí o tó padà dé, omi á ti dúró síbẹ̀, á máa wo ojú ọ̀run. Ní ìrọ̀lẹ́, kùrukùru á dìde láti inú àwọn kòtò omi, á tẹ́ sórí pápá, màlúù á dà bí ẹni pé wọn ò lẹ́sẹ̀ mọ́. Àwa á ti ilẹ̀kùn, a ó dá iná sí ààrò. Mo ti lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta níbẹ̀, n kò sì lè búra pé ọjọ́ kan wà tí oorun dá lójú mi pátápátá.

Nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń kọ́ ilé tí kì í rin, ẹni iyì ni. Hedley Keirle ni tiwa. Bíríkìlà ni, bíríkìlà ni bàbá rẹ̀. Ó ga, ó tín-ín-rín, kì í sì í sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ lóòjọ́, ajá rẹ̀ ló sì ń gba mẹ́fà níbẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Thirza ọ̀rẹ́ mi kó tó fẹ́ ẹ.

"Olive," ó dá mi lóhùn, "ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n."

Ẹnu rẹ̀ gbà á láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí agbọ̀n ló ń hun jẹun. Ẹ̀ka igi etí omi ló fi ń hun ún, èyí tí a ń gé ní ìgbà òtútù tí a sì ń bó ní ìgbà ìrúwé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí ọwọ́ ẹni tó ń di irun ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò dára. Inú ilé ìyá rẹ̀ létí odò ni ó ti kó o, ilé tí ọ̀rinrin ti máa ń gun ògiri dé orúnkún ní gbogbo oṣù Kọkànlá. Ikọ́ ló pa ìyá náà lórí ibùsùn tó kọjú sí ògiri yẹn. Láti ìgbà náà, bí òtútù bá ti dé, àyà Thirza á máa hó bí kẹ́tùrù.

Ọjọ́ tí Hedley fẹnu kàn án pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, kò sọ nǹkan kan nípa ìfẹ́. Ohun tó wí ni pé, "Màá kọ́ ilé tó gbẹ fún ọ." Thirza sọ fún mi pé òun kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ láyé ni.

Ogun dé, ó lọ, wọ́n fi ìgbà pípẹ́ gbé nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà, kí Hedley tó ráyè bẹ̀rẹ̀ ilé náà ní ọdún 1951. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló ní fún iṣẹ́ ara rẹ̀. Ilẹ̀ tó rà wà ní òdìkejì kòtò omi sí ilé mi, nítorí náà ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ògiri méjì ló ń mọ, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, pẹ̀lú àlàfo tí ọwọ́ lè wọ̀ láàrin wọn. Irin pẹlẹbẹ kéékèèké ló so méjèèjì pọ̀. Omi òjò lè ba ti ìta jẹ́ bó ṣe wù ú. Kò ní rí ọ̀nà dé inú. Ṣùgbọ́n omi tiwa kì í ti òkè nìkan wá. Omi inú ilẹ̀ lọ́tá wa, bí o bá sì fi àlàfo náà sílẹ̀ lófìfo nísàlẹ̀, á kún bíi kànga, ilẹ̀ á sì máa ti ògiri wọlé. Torí bẹ́ẹ̀ ni Hedley ṣe da kọnkéré kún un láti ìpìlẹ̀ títí dé ibi tí ojú ilẹ̀ yóò wà, ó sì dá orí rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síhà ìta, kí omi tó bá bọ́ sí i lè ṣàn jáde gba ojú tóóró tó fi sílẹ̀ láàrin bíríkì ìta. Lókè ìyẹn, ó fi àyè ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ dúdú gbọọrọ yí gbogbo ilé ká, tí ọ̀rinrin ò gbọdọ̀ kọjá. Àyè ìbú àtẹ́lẹwọ́ yẹn, òun gan-an ni gbogbo ilé wà lórí rẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá dí i, omi á rí àtẹ̀gùn gùn.

Nítorí kí sìmẹ́ńtì má baà já bọ́ sí àyè náà, ó ní pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so okùn mọ́ lórí méjèèjì. Á gbé e sórí àwọn irin inú àlàfo, ohunkóhun tó bá já bọ́, orí pákó ni yóò bọ́ sí. Kó tó to irin mìíràn, á fà á sókè jẹ́jẹ́, á gbọ̀n ọ́n nù. Ó tún máa ń yọ bíríkì kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kí ó lè máa fi igi họ inú àlàfo náà mọ́ nígbà tí ọwọ́ bá kúrò níṣẹ́. Ìgbà tí ògiri bá parí tó sì mọ́ tónítóní ló ń dí wọn.

Gbogbo èyí, ẹ̀yìn ìgbà ni mo tó mọ̀ ọ́n. Nígbà náà, ọkùnrin kan tó ń fi okùn fa pákó bí ẹni ń pẹja ni mo ń rí, mo sì máa ń fi í rẹ́rìn-ín.

Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, màlúù kan já sínú kòtò omi lẹ́bàá afárá. Níbí, bí màlúù bá já sí kòtò, kò sí ọkùnrin tó lè ní òun níṣẹ́. Hedley ju irinṣẹ́ sílẹ̀, ó bá wọn lọ. Èmi àti Thirza jókòó sórí koríko, a gbé ife tíì wa lé orí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà níbẹ̀. Oòrùn ń pa wá ní ìpa tútù, eṣinṣin omi ń fò, ilé tí kò tíì ní òrùlé ń fi òjìji fèrèsé lé wa lórí. Mo rò pé mo sùn díẹ̀.

Nígbà tí mo jí, Thirza ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó wà lábẹ́ ibi tí fèrèsé yàrá wọn yóò wà, ó ń to bíríkì.

"Thirza, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń ràn án lọ́wọ́. Mo ti wò ó láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ó dà bí agbọ̀n híhun. Gbé ọ̀kan wá fún mi." Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ìsàlẹ̀. "Olive, wá wò ó. Ó gbàgbé bíríkì mẹ́ta níbí. Ogbó ti ń dé sí i."

A rẹ́rìn-ín títí. Èmi ni mo gbé bíríkì mẹ́ta náà lé e lọ́wọ́. Ó dí àwọn ihò náà, ó fi sìmẹ́ńtì dí àwọn ojú tóóró pẹ̀lú, ó dán wọn, ó sì to ìlà mẹ́rin lé wọn lórí. Pákó wà nínú koríko, ife tíì wa wà lórí rẹ̀.

Hedley dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé àyà. Ó dúró níwájú ògiri náà. Ó wo ìsàlẹ̀, níbi tí ihò mẹ́ta wà láàárọ̀, ó wo pákó inú koríko, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Sìmẹ́ńtì wà lórí imú Thirza. N kò tíì rí àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ń dán bẹ́ẹ̀ rí.

"Báwo ló ṣe rí?" Thirza bi í.

"Ó gún," Hedley wí.

Kò sì parọ́, ó gún bí okùn. Títí di alẹ́ ni sìmẹ́ńtì yẹn ì bá fi ṣeé yọ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, títí di ọjọ́ Mọ́ńdè ni òòlù kékeré ì bá fi tó o. Kò fọwọ́ kàn án. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mọ ìyókù ògiri lé e lórí, ó da ilẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kò sí àlejò tó wọ ilé yẹn tí Thirza kì í mú yípo lọ wo ìlà mẹ́rin rẹ̀. Pásítọ̀ rí i. Ẹni tó ń pín lẹ́tà rí i. Maud ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń gbé ní ìlú orí òkè, rí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Olùfẹ́ mi, bíríkì ni mo rí." Gbogbo ayé là ń pè ní olùfẹ́ mi níbí, títí dé ẹni tí a ń bá jà.

Ní ọdún kẹta, àmì kan jáde nínú yàrá wọn, lábẹ́ fèrèsé yẹn, ó fẹ̀ bí abọ́. Hedley ló kọ́kọ́ rí i. Ó kùn ún ní funfun ní ọjọ́ tí Thirza kó agbọ̀n lọ sọ́jà, ó sì sún kọ́bọ́ọ̀dù ńlá síwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe lọ́dọọdún, nígbà ìrúwé, ọjọ́ ọjà kan náà. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí ọlọ́gbọ́n ọkùnrin náà sì ń ṣe nìyẹn fún ọdún mẹ́jọ gbáko. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ikọ́ Thirza ń jinlẹ̀ sí i. Ó máa ń sọ fún mi pé òun lálàá pé ilé àwọn tú kúrò ní ìdákọ̀ró, ó ń léfòó lọ lórí pápá láàrin kùrukùru, òun sì ń gbọ́ omi lára ògiri lẹ́bàá orí òun.

"Àlá lásán ni," mo wí fún un. Orí mi kò pé.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1962 ni Dókítà Lockyer wá. Ó fi nǹkan gbọ́ àyà rẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá gbé orí sókè, ó ń fa imú.

"Ọ̀gbẹ́ni Keirle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù yìí."

"Ó wúwo," Hedley wí.

"Mo ní ọwọ́ méjì, ẹ̀yin náà ní méjì."

Wọ́n sún un. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ògiri náà dúdú láti ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ fèrèsé, èébu ti hu bí irun lórí rẹ̀. Dókítà fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ nù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìyá, ẹ ò lè lo ìgbà òtútù mìíràn nínú ilé yìí," ó wí fún Thirza. "Bí ògiri yìí bá gbẹ kí oṣù Kejìlá tó dé, ó dáa. Bí kò bá gbẹ, ẹ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín lórí òkè. Mi ò bá yín ṣeré. Àyà yín ò tún ní ru òtútù kan sí i níbí."

"Ilé mi rèé," Thirza wí. "Ìyá mi kò ní ilé tó gbẹ, èmi ní. Mi ò lọ sọ́dọ̀ Maud. Maud ń fi ṣúgà sínú ọbẹ̀ ewébẹ̀."

Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Kí ló ṣe ògiri náà, Hedley?"

"Ẹ̀bi mi ni," Hedley wí. "Kọnkéré abẹ́ ilẹ̀. Mi ò dà á dáadáa."

Ohun kan náà ló lọ sọ níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń mu ọtí ápù. Òun, Hedley Keirle, ló da kọnkéré tí kò dáa sábẹ́ ilé ara rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ kan tó ti ní kó bá òun kọ́ ilé ìfúnwàrà gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo gbọ́, inú bí mi sí i fún ìyàwó rẹ̀. Mo rò pé òótọ́ ló ń sọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ní òpin oṣù Kẹsàn-án. Thirza ní òun fẹ́ wò ó, a gbé àga fún un sábẹ́ igi ápù, mo fi aṣọ onírun wé e, mo jókòó tì í. Ọjọ́ náà dákẹ́ rọ́rọ́. Kùrukùru kò tíì kúrò lórí kòtò, ápù ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń gbọ́ ṣọ́bìrì Hedley.

Ní ọ̀sán, ó gbẹ́ kọjá orí kọnkéré náà, ó yọ bíríkì ìta kan nísàlẹ̀. Kọnkéré yọjú. Ó le, kò sán níbì kankan, orí rẹ̀ tẹ̀ síhà ìta gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ.

"Hedley," Thirza wí láti orí àga rẹ̀, "kò sí nǹkan tó ṣe kọnkéré yẹn."

Hedley mú òòlù, ó ń yọ àwọn tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn ìlà mẹ́rin náà ni. Mo gbọ́ tí èémí Thirza ń sáré, n kò mọ̀ bóyá ikọ́ ni. Lẹ́yìn wọn, àlàfo tí ó yẹ kí ọwọ́ wọ̀ ti kún fún sìmẹ́ńtì tó já bọ́, ó dì ní ìṣù ńláńlá láti orí kọnkéré, ó kọjá òkúta pẹlẹbẹ, ó fara ti ògiri inú. Ó tutù, ó ń dán. Omi ń sun lára rẹ̀ bí òógùn.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní Thornzoy, omi ni aláǹgbá wa, àwa méjì tí à ń mu tíì la sì la ẹnu ògiri náà fún un.

Thirza dìde. Ó rìn dé etí kòtò tí ọkọ rẹ̀ gbẹ́, pẹ̀lú aṣọ onírun tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ìṣù sìmẹ́ńtì náà, ó wo bíríkì mẹ́ta ìsàlẹ̀, ó wá rí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú okùn rẹ̀, tí Hedley ti gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ tó ń bọ̀. Mo rí i tí ó yé e.

"Kò gbàgbé àwọn ihò yẹn," ó wí, bí ẹni ń sọ fún ara rẹ̀. "Èmi ni mo dí wọn." Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti Sátidé yẹn."

"Èmi ni mo gbé bíríkì náà fún un," mo wí.

"Dákẹ́, Olive. Ìwọ lo gbé e, èmi ni mo tò ó." Kò yí ojú kúrò lára ọkọ rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá. O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa mú àlejò wá wò ó."

"Inú rẹ dùn," Hedley wí. "Mi ò tíì rí kí inú rẹ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé òòlù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mi ò lè gbá a."

"Ìyá mi kú sínú ọ̀rinrin torí pé a ò lówó," Thirza wí. "Díẹ̀ ló kù kí èmi kú sínú ọ̀rinrin torí pé o nífẹ̀ẹ́ mi. O ì bá ti gbá a, Hedley. Ǹ bá sunkún fún ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì tán."

Ọkùnrin náà jókòó sínú kòtò, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni mo fi pè é ní òkúta. Ojú tì mí, mo sì wọlé lọ gbé omi tíì kaná.

Ó họ gbogbo rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ògiri náà sílẹ̀ láìdí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iná ń jó nínú yàrá tọ̀sán-tòru, Thirza ń sùn ní ilé ìdáná. Bí atẹ́gùn bá gba inú àlàfo náà ní ìrọ̀lẹ́, ilé náà á máa kùn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọrin láìla ẹnu, mo sì máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi láti gbọ́ ọ. Mo lè sọ fún yín pé ògiri náà gbẹ, pé òtútù burúkú ọdún 1963 wá ó sì lọ, pé Thirza kò lọ sórí òkè, ó sì tún hun agbọ̀n fún ọdún mẹ́rìnlá sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí àwọn méjèèjì, ọjọ́ tí wọ́n dí ògiri náà ni mo ń rántí.

Hedley ti po sìmẹ́ńtì. Thirza jáde, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Kúrò níbẹ̀," ó wí. "Ìlà mẹ́rin mi ni. Ìwọ di okùn mú."

Ó gbé pákó sínú àlàfo fúnra rẹ̀. Hedley mú okùn kan, èmi mú ìkejì. Thirza bẹ̀rẹ̀ sí í tò, ó ń dúró láti mí, ó ń tò. Ó fi ihò mẹ́ta sílẹ̀ nísàlẹ̀, kò sì fi sìmẹ́ńtì kan àwọn ojú tóóró. Ìlà kìíní parí, a fa pákó sókè, a gbọ̀n ọ́n nù, a dá a padà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà tó dé ìlà kejì. Ó to ọ̀kan, ó to ìkejì, ó to ìkẹta, ó yíjú padà, sìmẹ́ńtì wà lórí imú rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Báwo ló ṣe rí?"

Mo wo Hedley. Ó di okùn mú, ó tẹ̀ síwájú, ó fojú wọn ìlà náà.

"Ìkẹta wọ́," ó wí.

Thirza wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ bíríkì náà, ó ha á, ó sì tún un tò.